Ihò Mẹ́ta Lára Ògiri

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Montalès.
Irin ni, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ,
inú àpò épírọ́ọ̀nù ni mo ń fi í sí pẹ̀lú awò ojú mi.
Ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí mo ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀.
Ẹni márùn-ún ló ń wá sí Máàsì. Ọ̀kan nínú wọn dití.

Àfìgbà tí fíìmù náà jáde.

Wọ́n ti kó iná ńláńlá wá yà á lọ́dọ̀ wa lọ́dún kejì ṣáájú.
Owó wọn la fi tún òrùlé ṣe.
Síbẹ̀ Fadá Guilhem dúró lórí pẹpẹ, ó ní ká má wò ó,
ó ní ẹ̀gbin ni, wọ́n ń fi orúkọ Jésù tajà.
Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Béziers.
Mo ra gúgúrú. Mo wò ó.
Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn.
Nígbà tí wọ́n ń lé ọmọbìnrin yẹn gba abẹ́ ilẹ̀,
mo di apá àga mú, gúgúrú dà sílẹ̀, omijé bọ́.
Àfi bí ògiri wa ṣe yọ gàǹgà,
ògiri tí mo máa ń fi kànrìnkànrìn nù,
ìlà kan, ihò mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀.
Onírùngbọ̀n kan fọwọ́ kàn án, ó ní,
"Ibí ni wọ́n fi òtítọ́ pamọ́ sí."
Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dé.
Ọ̀kan ń fi okùn wọn ògiri,
ọ̀kan dojú bolẹ̀, ó fetí sí òkúta.
Obìnrin kan bi mí pé ta ló ń sanwó fún mi.
Mo ní ìgbìmọ̀ ìlú ni, ogójì yúrò lóṣù.
Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbà pé o ń purọ́,
òótọ́ ẹnu rẹ ni yóò pè wá jẹ́rìí irọ́.
O sọ̀rọ̀, o ń bò ó.
O dákẹ́, o ti jẹ́wọ́.

Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ kò, kò, kò.
Joost ni, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún,
ó fi ẹnu há tọ́ọ̀ṣì, ó mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta dání,
òtútù ti sọ ètè rẹ̀ di dúdú.
Mi ò pe ọlọ́pàá. Ọbẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ìkòkò.
Ó ń mu ún, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn ṣíbí.
"Màmá, kí ni wọ́n ní kí ẹ fi pamọ́?"

Mo fà á lọ́wọ́ padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tan iná.
Mo ní, dúró síbí, fẹ̀yìn ti ògiri.
Ìlà náà fi ìbú ọwọ́ kan ga ju orí rẹ̀ lọ.
Mo ní, ibẹ̀ ni omi dé.
Òru ni odò kún, lọ́dún tí bàbá bàbá mi pé ọgbọ̀n ọdún.
Fulcran lorúkọ rẹ̀, agbẹ́kùúta.
Omi fà tán, ó gbẹ́ ìlà,
ó lu ihò mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀:
Rosalie.
Barthélemy.
Wọn ò tíì ṣèrìbọmi fún ẹ̀kẹta, kò lórúkọ.
Kò sí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kankan níbẹ̀.
Bàbá tí kò mọ̀ ọ́n kọ ló fi irin kọ ọmọ rẹ̀.

Joost fi ìka kan ihò kẹta. Ó pẹ́ níbẹ̀.
Mo rò pé ó ti yé e.
Ó wá rọra ní, "Àbí ohun tí wọ́n sọ fún yín nìyẹn?"

Mi ò bínú.
Ṣebí èmi náà ni mo sunkún fún ọmọbìnrin inú fíìmù,
ẹni tí a kò bí, tí kò sì kú,
bẹ́ẹ̀ mo ti ń gbálẹ̀ kọjá lábẹ́ ìlà yẹn láti ọjọ́ yìí wá
láì rántí Rosalie lẹ́ẹ̀kan.

Àárọ̀ ló lọ. Ó gbàgbé irin rẹ̀ sórí tábìlì mi.
Òun ni mo fi ń há fèrèsé ilé ìdáná báyìí,
tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ láti odò.